Ọjọ́ tí Màámi Lúwẹ̀ẹ́ Láàrin Àbùùbùtán

Las Palmas,
21 Jánúárì 1979.

Ọmọ́ṣọlá ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Bartholomew ọmọ yín. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku. Mo mọ̀ pé ètè yín á ti máa bẹ́ báyìí. Níbí, afẹ́fẹ́ òkun ló ń fẹ́ sí wa láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí eruku rárá. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́.

Ọkọ̀ òfuurufú gbé wa gúnlẹ̀ láyọ̀. Dáre ẹ̀gbọ́n rẹ wá pàdé mi. Ó ti sanra díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe fún àwọn ará ibí, epo kì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ló ní, àmọ́ fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun. Bí mo bá ti jí, òkun ni mo ń kọ́kọ́ rí. Láti ọdún tí bàbá rẹ ti gbé mi níyàwó láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Sabon Gari, mi ò tíì tún jí sí etí omi, àfi ìgbà tí a lọ sin ìyá mi.

Nípa bàbá rẹ. Má jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn pẹ́, nítorí egbò. Pe Rahinat aládùúgbò wa kó bá ọ yí i padà, ó mọ bí a ṣe ń ṣe é. Kóòkò, ẹ̀kọ mímu rẹ̀, kò gbọdọ̀ ki. Apá ọ̀tún tí àrùn rọpárọsẹ̀ pa yẹn, máa fi àdí ra á fún un, bí ó tilẹ̀ ń sọ pé kò wúlò. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tètè jáde lẹ́nu rẹ̀, má bá a parí rẹ̀. Ó máa ń dùn ún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni, mo fẹ́ padà ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Dáre ní kí n máa sinmi, pé ọdún mẹ́rin tí mo fi ń tọ́jú aláìsàn ti tó iṣẹ́. Mo sì ń sinmi. Àmọ́ bí mo bá sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, ńṣe ni mo máa ń ta gìrì dìde, kí n máa wá bàbá rẹ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Kọ̀wé sí mi kíákíá. Sọ fún un pé mo kí i.

Èmi ni,
ìyá rẹ, Evelyn.


Ibo Road, Sabon Gari, Kano,
10 Fẹ́búárì 1979.

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àjò o, ẹ sì kú ìsinmi. A rí lẹ́tà yín gbà. Àwọn Ìyá Ìjọ kí yín, wọ́n ní àwọn ń dárúkọ yín nínú àdúrà Wẹ́sìdeè.

Bàbá wà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Màámi, ẹ ò sọ fún mi. Ẹ sọ ti egbò, ẹ sọ ti kóòkò. Ẹ ò sọ fún mi pé èèyàn á máa gbé bàbá ara rẹ̀ bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ńtì. Ẹ ò sọ fún mi pé á máa sunkún nígbà tí mo bá ń nù ún nídìí, pé á sì máa fi ọwọ́ òsì bo ojú kí n má baà rí i. Bí mo bá ti iléèwé dé, ẹnu ọ̀nà ni Rahinat ti ń pàdé mi: "Sannu, tísà. Bàbá ò jẹun o." Mo ní kí ló dé? Bàbá ní ọwọ́ mi kò dà bí ọwọ́ yín.

Ojoojúmọ́ ló ń béèrè pé, "Ìyá Dáre dà?" Mo ní ẹ wà lọ́dọ̀ Dáre. Kò ní pẹ́, á tún béèrè.

Bartholomew nìkan ló ń mú un rẹ́rìn-ín. Hausa ni ọmọ yìí ń bá a sọ, á gbé abọ́ tọ̀ ọ́ lọ, á ní, "Kaka, ka ci abinci," pé kí bàbá àgbà jẹun. Bàbá tí kì í fẹ́ ká sọ Hausa nínú ilé rẹ̀ láyé àtijọ́ ti ń fi Hausa dá a lóhùn báyìí. Ó ní ó rọrùn lẹ́nu òun ju Yorùbá lọ.

Ọkọ mi ní òun kò bínú pé mo fi ilé sílẹ̀ ní Tarauni. Ṣùgbọ́n kì í wá kí wa mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Nítorí náà, Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tí ẹ dá yẹn, ẹ má jẹ́ kó yẹ̀. Bí ẹ bá rí léèsì funfun tó dára, ẹ bá mi mú ọ̀pá márùn-ún bọ̀ fún ọdún Àjíǹde.

Èmi ni ọmọ yín,
Ọmọ́ṣọlá.


Las Palmas,
27 Fẹ́búárì 1979.

Ọmọ́ṣọlá,

Báwo ni ilé, báwo ni bàbá rẹ? Mo ti rí léèsì náà rà. Màá fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé.

Má bínú o. Àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú ti sún ọjọ́ mi síwájú. Wọ́n ní èrò ti pọ̀ jù, kò sí àyè títí di oṣù kẹrin. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Bá mi bẹ ọkọ rẹ. Sọ fún bàbá rẹ pé kì í ṣe ẹjọ́ mi.

Òtútù díẹ̀ mú mi lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn, àmọ́ ó ti lọ.

Ìyá rẹ.


Ibo Road, Kano,
17 Máàṣì 1979.

Màámi,

Mo kí yín. Léèsì dé. Bọ̀ọ̀dá Jímọ́ọ̀ tó ń ta bàtà lápá ìsàlẹ̀ títì wa ló bá wa mú un wá, òun náà lọ rajà níbẹ̀. Ó jókòó, ó mu omi, ó kí Bàbá. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, báwo lẹ ṣe rí àyè wọ ọkọ̀ òfuurufú? Màámi ní kò sí." Ó ní, "Àyè kẹ̀? Àga ṣófo lọ súà. Mo na gbọọrọ sùn dé Èkó ni."

Mi ò lè wò ó lójú. Etí Bàbá sì wà níbẹ̀.

Ó wá yọ àpòòwé kan tí Dáre fi rán an. Fọ́tò ló wà níbẹ̀. Màámi, ẹ wà nínú òkun dé ọrùn. Gèlè kò sí lórí yín. Ẹnu yín là sílẹ̀, ẹ̀rín lẹ ń rín, irú ẹ̀rín tí mi ò rí lẹ́nu yín rí láti ọjọ́ tí ẹ ti bí mi. Ohun dúdú ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bí òrùlé mọ́tò tó rì sómi. Dáre kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé: "Màámi àti àwọn àbùùbùtán, Sátidé 24 Fẹ́búárì." Dáre kò mọ̀ pé ẹ purọ́ fún wa, àbí? Bó bá mọ̀ ni, kì bá tí fi ránṣẹ́.

Èmi ń kó ìgbẹ́, ẹ̀yin ń bá ẹja ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí ní Sátidé yẹn fún yín. Bàbá jábọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Eyín iwájú rẹ̀ kán. Ojú rẹ̀ wú débi pé Bartholomew kò fẹ́ sún mọ́ ọn. Mi ò kọ ọ́ sí yín tẹ́lẹ̀ nítorí mi ò fẹ́ kí ọkàn yín dàrú. Mo rò pé ẹ ń wá àyè ọkọ̀ kiri ni.

Kò béèrè fọ́tò náà. Mi ò sì fi hàn án.

Ọmọ́ṣọlá.


Las Palmas,
5 Épírì 1979.

Ọmọ́ṣọlá ọmọ mi,

Mi ò mọ irú kíkí tí màá fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Dìde ńlẹ̀ ọmọ mi, mo mọ̀ pé orí ìkúnlẹ̀ lo wà nígbà tó o kọ ìyẹn sí mi, bí inú ti lè bí ọ tó.

Irọ́ ni mo pa. Kò sẹ́ni tó sún ọjọ́ kankan. Èmi ni mo sọ fún Dáre pé ìwọ kọ̀wé pé ara bàbá rẹ ń mókun, pé o ní kí n sinmi sí i. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo purọ́ fún. Nígbà tí mo fi lẹ́tà rẹ hàn án lánàá, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun alẹ́.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ. Ọkùnrin arúgbó kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní Anselmo. Ó ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí àwọn àlejò láti Jámánì máa ń háyà láti lọ lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹran òkun. Dáre bá a tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Nígbà tó fẹ́ sanwó, Dáre ní kó gbé ìyá òun lọ fún ọjọ́ kan, àwa nìkan, láìsí àlejò míì. Ó gbà.

A kúrò létíkun láàárọ̀. Àwọn dọ́ọ̀fìnì ló kọ́kọ́ yọ sí wa. Ẹja ni mo kà wọ́n sí, àmọ́ Dáre ní wọn kì í ṣe ẹja, pé wọ́n ń mí bíi tiwa, wọ́n sì ń fún ọmọ lọ́mú. Wọ́n ń fò sókè níwájú ọkọ̀ bí ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lókùn. Mo ń pàtẹ́wọ́, mo ń kígbe. Lẹ́yìn náà ni Anselmo pa ẹ́ńjìnnì, ó nawọ́. Àwọn àbùùbùtán ni. Àwọn ni Bíbélì wa ń pè ní erinmi ńlá. Wọ́n dúdú, orí wọn rí roboto, òmíràn gùn tó mọ́tò akẹ́rù. Wọ́n kàn sùn sójú omi bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń mí, "fúùù", bí àgbàlagbà tó ṣiṣẹ́ dé tó jókòó.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí tú gèlè mi. Dáre ní, "Màámi, kí lẹ fẹ́ ṣe? Wíwò la wá wò o."

Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ ń jókòó wo omi?"

Ó di ìpákò mú. Anselmo rẹ́rìn-ín, ó so ẹ̀wù aláfẹ́fẹ́ kan mọ́ mi láyà tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ó sì sọ àkàbà sílẹ̀. Ọmọ́ṣọlá, apá mi kò tíì gbàgbé. Mo ti rò pé Kano ti gbẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ mi lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo ki orí bọ omi, mo gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n ń súfèé síra wọn lábẹ́ níbẹ̀, òmíràn ń dún bí ìlẹ̀kùn tí a kò tíì fi epo sí. Ìyá kan wà láàrin wọn tó ní ọmọ. Ọmọ náà sún mọ́ mi, ó yíjú, ó fi ojú kan wò mí. Ìyá rẹ̀ rọra gba àárín wa kọjá. Kò gbá mi, kò lé mi. Ó kàn gba àárín wa kọjá, òun àti ọmọ rẹ̀ sì lọ.

Èyí tó kù ni ó ṣòro fún mi láti kọ.

Mo gbàgbé bàbá rẹ. Mi ò ní pé mo gbàgbé oògùn rẹ̀ tàbí kóòkò rẹ̀. Mo gbàgbé pé ẹni kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé. Nígbà tí Dáre nawọ́ sí mi pé kí n gòkè, mi ò fẹ́ gòkè. Nígbà tí mo jókòó sínú ọkọ̀ tán, tí omi ń kán tótó lára mi, ni bàbá rẹ tó padà sí mi lọ́kàn. Ohun tí mo rò nígbà náà ni pé: ì bá dára kó ti kú.

Mo rò ó. Bí mo ṣe rò ó tán ni mo bú sẹ́kún. Dáre rò pé òtútù ló ń mú mi, ó fi aṣọ bò mí.

Ìdí rèé tí mi ò fi lè wálé. Kì í ṣe òkun ló dá mi dúró. Ọkùnrin tí mo bá gbé láti ìgbà èwe mi ni, kò sí ohun tí mo lè fi pamọ́ fún un. Bí mo bá wọlé báyìí, á rí i lójú mi. Mo wá ń sún ọjọ́ síwájú bóyá á parẹ́. Kò parẹ́. Ìwọ sì wá kọ̀wé pé lọ́jọ́ yẹn gan-an ló ṣubú.

Má ka lẹ́tà yìí fún un. Mo bẹ̀ ọ́, fi Ọlọ́run ṣe é.

Ìyá rẹ.


Las Palmas,
2 Méè 1979.

Ọmọ́ṣọlá,

Mi ò tíì rí èsì rẹ. Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ dúró de ẹni tó ń pín lẹ́tà. Àwọn ará ilé Dáre ti mọ̀ mí, wọ́n á na ọwọ́ òfìfo sí mi láti òkèèrè kí n má baà rìn dé ìsàlẹ̀.

Bí o bá ń bínú, bínú. Àmọ́ kọ nǹkan sí mi, ì báà jẹ́ èébú. Tàbí bàbá rẹ ti kú ni? Bó bá ti kú, má fi pamọ́ fún mi nítorí ohun tí mo kọ. Má jẹ́ kí n wọ títì Ibo Road kí ará ìta tó wá sọ fún mi.

Dáre ti gba àyè ọkọ̀. Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ kọkàndínlógún oṣù yìí.

Ìyá rẹ.


Ibo Road, Kano,
28 Épírì 1979.

Màámi mi,

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Bàbá wà láàyè, mo fẹ́ kí ìyẹn ṣáájú.

Mo ti ka lẹ́tà yín fún un.

Mi ò pète rẹ̀. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ń kà á sínú, mi ò mọ̀ pé omi ń bọ́ lójú mi. Ó ní, "Kà á." Mo ní kò sí nǹkan níbẹ̀, ẹ kí i ni. Ó ní, "Kà á síta." Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà. Nígbà tí mo dé ibi tí Dáre ti nawọ́ sí yín, mo fò ó, mo bọ́ sórí pé ẹ ń bọ̀ láìpẹ́. Ó na ọwọ́ òsì, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Agbára ṣì wà lọ́wọ́ yẹn o. Ó ní, "O fo nǹkan."

Mo wá ka gbogbo rẹ̀. Màámi, ẹ dárí jì mí. Mo ka ibi tí ẹ ti ní ì bá dára kó ti kú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi... ti rò ó... ṣáájú rẹ̀." Ó ní kí n yí òun kọjú sí ògiri.

Láti ọjọ́ náà kò béèrè yín mọ́. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí ju ìgbà tó ń béèrè lọ.

Màámi, èmi náà kò sọ tán fún yín. Lọ́jọ́ tí Bàbá ṣubú, mi ò sí nílé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti rí ọkọ mi kẹ́yìn. Rahinat ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Mo fún Bàbá lóúnjẹ, mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, mo mú Bartholomew, a lọ sí Tarauni. Mo ní mi ò ní pẹ́. Mo pẹ́. Nígbà tí mo dé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo bá a, ó ti fi ọwọ́ kan wọ́ ara rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tó sì jáde lẹ́nu mi kì í ṣe "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́." Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Mo fi ìṣubú náà nà yín lẹ́gba nínú lẹ́tà mi, mo sì mọ̀ pé èmi ló jẹ̀bi. Oṣù mẹ́ta péré ni mo ti ṣe é. Ẹ̀yin ṣe é fún ọdún mẹ́rin, mi ò gbọ́ kí ẹ jágbe mọ́ ọn rí.

Ẹ máa bọ̀. Mi ò ní kí ẹ máa bọ̀ nítorí pé inú rẹ̀ ti rọ̀. Kò rọ̀.

Ọmọ yín,
Ọmọ́ṣọlá.


Ibo Road, Sabon Gari, Kano,
10 Júùnù 1979.

Olúdáre ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú àdáwà. Mo délé láyọ̀. Bá mi kí Anselmo. Bàtà tí o fi rán Bartholomew fún un lẹ́sẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kò gbà kí a bọ́ ọ. Bí o bá rí oògùn ìfúnpá tí dókítà kọ sínú ìwé yẹn, tètè fi ránṣẹ́.

Àbúrò rẹ ti padà sílé ọkọ rẹ̀. Mo fi orúnkún bẹ ọkọ náà, òun náà dọ̀bálẹ̀, a wá ń bẹ ara wa nílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí Ọmọ́ṣọlá fi bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ ní láti ìsinsìnyí lọ, òun á máa wá jókòó ti bàbá yín ní gbogbo Sátidé kí n lè jáde. Mo ní níbo ni mo fẹ́ lọ? Ó ní, "Ibi tó bá wù yín, Màámi. Ẹ má sọ fún mi."

O ní kí n kọ bí bàbá rẹ ṣe gbà mí. Kò gbà mí. Nígbà tí mo wọlé, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó pa ojú dé. Mo kúnlẹ̀ kí i, kò dáhùn. Mo bọ́ aṣọ àjò, mo yí i padà, mo wẹ̀ ẹ́, mo ra apá rẹ̀ fún un. Ó jẹ́ kí n ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé àjèjì kan láti ọsibítù ni mí. Bí Bartholomew bá wá, wọ́n á máa sọ Hausa. Èmi á wà níbẹ̀, bàbá rẹ á ní kí ọmọ náà sọ fún obìnrin yẹn pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Obìnrin yẹn. Mo gbé omi wá. Mo ní lọ́kàn mi pé ó tọ́ sí mi.

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti wà bẹ́ẹ̀ kí òjò ńlá àkọ́kọ́ tó rọ̀. O mọ bí òjò ibí ṣe máa ń rí bó bá kọ́kọ́ dé, ìjì ti gbé eruku pupa bo gbogbo Sabon Gari kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí lu páànù. Ọ̀sán ni. Mo ń yí i padà lọ́wọ́, mo fi àyà mi ti ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà ṣubú. Mo gbọ́ tó ní, "Ẹja yẹn."

Mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ń bá wí.

Ó ní, "Ìyá Dáre. Ẹja yẹn."

Mo ní, "Bàbá Dáre, kò tó nǹkan o. Omi náà tutù. Ẹ̀rù ló ń bà mí ṣáá, mo fẹ́ tètè gòkè ni."

Ó ní, "Irọ́." Ó pẹ́ kí èyí tó kù tó jáde, mo sì dúró dè é. "Sọ... bó ṣe dùn tó."

Dáre, mo sọ ọ́. Bí mo ṣe jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tí mo dì í mú, tí kò rí ojú mi, ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ bí omi ṣe gbé mi, bí wọ́n ṣe ń mí, bí ọmọ yẹn ṣe fi ojú kan wò mí. Mi ò bu iyọ̀ sí i, mi ò sì yọ nǹkan kúrò. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti gbàgbé rẹ̀, mo sọ ìyẹn náà. Mo ń gbọ́ ọkàn rẹ̀ tó ń lù lábẹ́ ọwọ́ mi.

Mo parí. Òjò ṣì ń rọ̀.

Ó ní, "Mo ṣì ń bínú sí ọ."

Mo ní, "Mo mọ̀."

Ó gbé orí rẹ̀ tì mí léjìká. Ó ní, "Tún un sọ."

Ìyá rẹ,
Evelyn.